Kí Àwo Àpá Tó Gbẹ

Ọjọ́ Àìkú, 1 Nòfẹ́ńbà 1981. Ṣakí.

Inú ìwé Àpọ́nlé, ọmọ mi, ni mo ti ń kọ eléyìí. Ó lo ìdajì rẹ̀ fún ìṣirò nígbà tó wà níléèwé mọ́dà, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ọmọ mi kan ṣoṣo. Ó ti wà ní Ìsẹ́yìn báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Nínú ilé yìí, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ tí kò ní dé etí ẹlòmíì. Ìwé ò lẹ́nu.

Wọ́n gbé ìyàwó wọlé lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Fàtímọ̀, ọmọ Ògbóòró. Èmi ni mo gba ẹrù lórí rẹ̀. Èmi ni mo bu omi tí ìyá ọkọ mi fi wẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́ – òrìṣà jẹ́-n-pé-méjì obìnrin kò dénú.

Ọjọ́ kejì, kí omi ẹsẹ̀ náà tó gbẹ tán nílẹ̀, Alhájì Mọ́nsúrù tó ń ná ọjà Paraku dé. Ó fẹ́ ogójì àwo igi fún Máólúdì. Àwọn àlejò rẹ̀ ń bọ̀ láti òdì-kejì bọ́dà, inú àwo náà ni yóò ti fún wọn lóúnjẹ, kálukú yóò sì gbé tirẹ̀ lọ sílé. Bí àwo bá wù wọ́n, ó ní oṣooṣù ni òun yóò máa wá kó o. Ìyá ọkọ mi sáré bọ́ síta, ó ń jó. "Ẹ ò rí ẹsẹ̀ ire! Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ló fà á!" Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nílé yìí. Ẹnì kan ò tíì yẹ ẹsẹ̀ tèmi wò.

Ẹlẹ́sẹ̀-ire. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn nínú ìwé yìí. Ọkọ mi, Ràmọ́nì, Asọ̀rọ̀-má-gbọ́ ni tirẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Nòfẹ́ńbà

Igi àpá ni wọ́n gé. Igi ìgbà òjò, tí omi kún inú rẹ̀ bámúbámú. Asọ̀rọ̀-má-gbọ́ ti yí mẹ́tàlélógún lẹ́ẹ̀kínní, ó kó wọn fún mi. Méjìdínlógún ti wà nílẹ̀ láti ọyẹ́ èṣí, ìyẹn ti gbẹ dáadáa. Ogójì pé, ọ̀kan sì lé tí ọwọ́ bá ṣèèṣì. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti bùṣe.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, nítorí ó jọ pé àwọn ará ilé yìí ti gbàgbé. Ọkọ ló ń yí àwo, ìyàwó ló ń mú un gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìgbà bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ gan-an ló kọ́ mi. Ọkùnrin á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìyígi yí i – ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bíi máṣínnì aránṣọ – á fi í sílẹ̀ kó nípọn tó ìka méjì. Obìnrin á fi òrí pa á létí, á rì í sínú èèpo ọkà bàbà fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì kí omi má baà sá kúrò lára rẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn náà ni yóò kó o sórí àjà ilé ìdáná. Bí igi bá ṣe ń gbẹ ló ń wọ́, á gùn bí ẹyin adìẹ. Ìgbà tó bá wọ́ tán, tí kò ní ibi tí yóò tún wọ́ sí mọ́, ni ọkùnrin á yí i lẹ́ẹ̀kejì, á jẹ́ kó fẹ́lẹ́, á kùn ún. Bó bá jẹ́ igi tútù ló yí ní fífẹ́lẹ́, ìgbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ lù ú ni yóò là.

Ọkọ kì í gun àjà. Ìyáálé ló ń sọ pé "Ó ti gbẹ." Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé irin sí i.

Mo sọ fún un lónìí pé mẹ́tàlélógún yẹn ò lè gbẹ kí Máólúdì tó dé. Kí ó fún Alhájì ní méjìdínlógún, kí ó bẹ̀ ẹ́ fún ìyókù títí di òpin Fẹ́búárì. Ó ní òun ti fi ẹnu ṣèlérí. Mo ní ẹnu kì í mú igi gbẹ. Ó bínú jáde, ó lọ jẹun ní yàrá kejì.

Ọjọ́ Jímọ̀, 20 Nòfẹ́ńbà

Mo kó wọn kúrò nínú èèpo, mo gbé wọn gun àjà. Mo wọ̀n wọ́n kí wọ́n tó gòkè.

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Ọ̀pá kan ni mo so rọ̀ láàárín. Àwo wà ní apá kan, igbá wà ní apá kejì. Màá máa da òkúta wẹ́wẹ́ sínú igbá títí ọ̀pá yóò fi dọ́gba, màá wá ka òkúta náà. Jímọ̀ sí Jímọ̀ ni. Bí omi bá ń kúrò lára igi, òkúta á máa dín. Bí kò bá dín mọ́ ní Jímọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, igi ti gbẹ. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Sùúrù ni, sùúrù yẹn ni kò sì sí nínú ilé yìí.

Ẹlẹ́sẹ̀-ire wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ṣé òun lè wò. Mo ń ka òkúta mi lọ. Kò lọ. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa òkúta tó bá já bọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 27 Nòfẹ́ńbà

Òkúta mẹ́sàn-án ló dín lára èyí tó tóbi jù.

Ó tún wá. Ó ń ka òkúta sókè bí ọmọ ilé-kéú, ó ń mi orí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé àwo mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ – bó bá tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pajú dé. Ó ní ìyá òun kú nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, pé kò sí ẹni tó kọ́ òun ní nǹkan kan rí láìlu òun. "Ìyá mi" ló ń pè mí, kò pè mí ní Ìyá Àpọ́nlé rí.

Inú mi dùn. Inú sì bí mi pé inú mi dùn.

Ọjọ́ Ajé, 30 Nòfẹ́ńbà

Mo gbọ́ tí Asọ̀rọ̀-má-gbọ́ ń rẹ́rìn-ín ní yàrá rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn? Èmi ni mo fọ agbádá tó wọ̀ lọ fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀, 4 Dìsẹ́ńbà

Òkúta méje ló dín. Ó ṣì ń jáde.

Asọ̀rọ̀-má-gbọ́ ti mọ́sáláṣí dé, ó ní kí n kó àwo sọ̀kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní wọn ò tíì gbẹ. Ó ní wọ́n ti pé oṣù kan. Mo ní oṣù kọ́ là ń kà. Ó ní Alhájì tún ti bi òun léèrè. Mo ní kí Alhájì wá gun àjà, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù kan: "Igi ti gbẹ, Ìyá Àpọ́nlé. Inú tìrẹ ni kò gbẹ. Owú ló ń jẹ ọ́. O ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ yìí ló mú ire wá."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń sọ "ó ti gbẹ" fún un. Àwo kan ò là rí. Kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Dìsẹ́ńbà

Wọ́n pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà lórí ẹní, Asọ̀rọ̀-má-gbọ́ lórí àga, Ẹlẹ́sẹ̀-ire lórí ìkúnlẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n pè é fún. Ìyá ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Ó ní èmi náà ti ṣe é tó, kí n sinmi. Ó ní ọwọ́ tó bá rọ̀ ni iṣẹ́ ń fẹ́. Láti òní lọ, Fàtímọ̀ ni yóò máa mójú tó àjà, Fàtímọ̀ ni yóò máa sọ pé ó ti gbẹ. Kí n wá ibòmíì dáná sí, kí ó má baà di ìjà.

Sinmi. Èmi ẹni ọdún méjìdínlógójì.

Mo ní "Ẹ ṣeun, Ìyá." Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Dìsẹ́ńbà

Mo kó ìkòkò mi lọ sẹ́yìnkùlé, sábẹ́ páànù. Mẹ́rin ni wọ́n. Mo rò pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ dé láàárọ̀ yìí. Ojú ọ̀run funfun, a ò rí òkè mọ́.

Lẹ́tà Àpọ́nlé dé. Kò ní wálé fún ìsinmi, ó fẹ́ dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ní kí n bá òun kí ìyàwó tuntun.

Ọjọ́ Jímọ̀, 11 Dìsẹ́ńbà

Mo gbọ́ ìró òkúta nínú igbá láti inú ilé ìdáná. Ọmọdé ń ṣeré. Mo kọjú sí ọbẹ̀ mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, 18 Dìsẹ́ńbà

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí n kò bá kọ ọ́, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ara mi.

Ọ̀sán ni. Mò ń yan gbúgúrú lábẹ́ páànù. Ẹlẹ́sẹ̀-ire jáde wá, èéfín kún ojú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó ní Bàbá Àpọ́nlé ní kí àwo sọ̀kalẹ̀ lọ́la, pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni wọ́n ń dúró dè. Ó wo ojú mi tààrà. "Ìyá mi, ṣé wọ́n ti gbẹ?"

Mo mọ̀ pé wọn ò gbẹ. Mi ò nílò kí n gun àjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n lò lókè, igi àpá, igi ìgbà òjò. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun n ó dáhùn rẹ̀.

Mo rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rántí "kí o sinmi." Mo ní, "Wọ́n ti gbẹ, ìyàwó. Lọ sọ fún un."

Ó dúró díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá mi." Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún.

Gbúgúrú mi jóná. Mo dà á fún adìẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Dìsẹ́ńbà

Ó sọ ọ́. Wọ́n ti kó wọn sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21 Dìsẹ́ńbà

Mo lọ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, bí mo ṣe máa ń ṣe. Èérún igi tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ gùn, ó ká bí èèpo iṣu. Igi tó bá gbẹ, lẹ́búlẹ́bú ni èérún rẹ̀, ó ń wọ imú. Mo gbá wọn jọ, mo dà wọ́n síná. Wọ́n rú èéfín.

Ọjọ́ Jímọ̀, 25 Dìsẹ́ńbà

Kérésì àwọn ará ilé ìsàlẹ̀. Wọ́n fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí wa. Ẹlẹ́sẹ̀-ire bu tèmi wá, ó fi ẹran tirẹ̀ lé e lórí. Mo ní n ò jẹ ẹran. Irọ́ ni.

Àyè ṣì wà. Fáníṣì kò tíì kan wọn. Tí mo bá sọ̀rọ̀ lónìí, a lè dá wọn padà sínú èèpo. Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, Asọ̀rọ̀-má-gbọ́ gbójú sókè, ó ní, "Ṣé o wá wo bóyá ó là ni?" Mo yí padà.

Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè, kó jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Jánúárì 1982

Wọ́n gbé àwo lọ fún Alhájì. Ogójì, wọ́n ń dán yinrin. Méjìdínlógún tèmi àti méjìlélógún tútù, ojú kan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Alhájì ń fi ìka yí ọ̀kan po, ó ní iṣẹ́ báyìí ò sí ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ìyá ọkọ mi ní kí Ẹlẹ́sẹ̀-ire dìde kí àwọn èèyàn rí i. Ó dìde. Ó wolẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Èyí tó lé lórí ogójì wà lórí tábìlì ní yàrá àlejò, kí àwọn èèyàn lè máa rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Jánúárì

Ọyẹ́ yìí burú. Ètè gbogbo wa ti bó. Awọ ẹsẹ̀ mi là dé ibi ẹ̀jẹ̀.

Èmi nìkan ni mo wà nílé ní ìyálẹ̀ta. Mo gbọ́ "pá!" ní yàrá àlejò, bí ẹni ṣẹ́ igi. Àwo orí tábìlì ti là láti etí dé ìdí. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo dúró níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù. Alhájì ò jìnnà. Bí mo bá rìn kíákíá, kí ìrun Àìlà tó tó, n ó ti dé ibẹ̀.

Mo gbé àwo náà sínú iná mi lẹ́yìnkùlé. Fáníṣì mú kó jó kíákíá. Nígbà tí Asọ̀rọ̀-má-gbọ́ bèèrè, mo ní n ò rí i, bóyá àlejò ló mú un. Ó ní kò burú, wọ́n ti ń fẹ́ iṣẹ́ òun débi pé wọ́n ń jí i. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Jímọ̀, 8 Jánúárì. Máólúdì.

Gbogbo wa lọ. Wọ́n na àtíbàbà, wọ́n tẹ́ ẹní, àwọn àlejò láti Paraku wọ funfun báláú. Wáàsí gùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bu oúnjẹ, tùwó àti ọbẹ̀ gbígbóná, sínú àwo wa.

Ọbẹ̀ gbígbóná nínú, ọyẹ́ gbígbẹ lẹ́yìn. Mo jókòó sáàárín àwọn obìnrin, mò ń dúró. Èmi nìkan – bẹ́ẹ̀ ni mo rò – ni mo mọ ohun tí mò ń dúró dè.

Àkọ́kọ́ là lọ́wọ́ àgbàlagbà kan. Epo ṣàn sí i lára, láti àyà dé orúnkún. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ló da nǹkan nù, ó ń tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ni èkejì. Lẹ́yìn náà n ò kà mọ́, ìró yẹn ń dún níhìn-ín, ó ń dún lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Alhájì ò pariwo. Ó ní kí wọ́n kó àwo tó là jọ sí ẹnu géètì, kí wọ́n mú abọ́ tánganran wá. Lẹ́yìn náà ló pe ọkọ mi níṣojú gbogbo ayé: "Ràmọ́nì, wá kó ẹrù rẹ."

Mọ́kàndínlógún là. Mẹ́ta wọ́ débi tí wọn ò lè jókòó lórí ẹní. Méjìdínlógún ò mira.

Asọ̀rọ̀-má-gbọ́ tẹ̀ ba, ó ń ṣa wọn sínú àpò. Mo ti ń retí ọjọ́ yìí láti oṣù kan. Mo rò pé yóò dùn lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Jánúárì

Ìyá ọkọ mi to àwo sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó là lápá kan, àwọn tí Alhájì dá padà láìlà lápá kejì. Ó ní: "Èyí tí Ìyá Àpọ́nlé mú gbẹ rèé, ó ń dán. Èyí tí ọwọ́ ọmọ yìí kàn rèé. Ẹ̀yin ẹ fojú ara yín wò ó." Ó ní òun ti ṣe àṣìṣe, pé ẹsẹ̀ tí òun wẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ẹsẹ̀ ire. Ẹsẹ̀ òfò ni. Pé ìyá ọmọ náà kò kú lásán.

Mo gbọ́ ọ, mo ń ka àwo tó wà nílẹ̀.

Wọ́n bi Fàtímọ̀ pé ta ló sọ fún un pé àwo ti gbẹ. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo sọ ọ́." Wọ́n ní ṣé kò bi ẹnikẹ́ni ni? Ó ní, "Èmi ni mo sọ ọ́." Kò gbójú sókè wò mí. Bí ó bá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, mo rò pé n bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí ó padà sí Ògbóòró ní Àìkú tó ń bọ̀, kí orí ọkọ rẹ̀ lè sinmi.

Mi ò lè pe orúkọ yẹn mọ́ nínú ìwé yìí. Fàtímọ̀ ló ń jẹ́.

Àlàmísì, 14 Jánúárì

Ìyá ọkọ mi bu ẹran fún mi nínú ọbẹ̀ tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún. Mo yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Jánúárì

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń yí lórí mi láti Àìkú, kò jẹ́ kí n sùn. Mo lọ bá ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Fàtímọ̀ bi mí, mo ní ó ti gbẹ. Mo mọ̀ pé kò gbẹ. Àwo orí tábìlì, èmi ni mo sun ún. Kí ó má lé ọmọ ọlọ́mọ, kí ó lé mi.

Mo rò pé yóò lù mí. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó lù mí.

Ó ń fi èékánná họ irin. Nígbà tó yá ó ní, "Mo mọ̀ pé kò gbẹ."

Mo ní kí ló wí.

"Bí mo ṣe gbé irin lé àkọ́kọ́ ni mo mọ̀. Omi ń ta sí mi lójú. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń yí igi, ṣé o rò pé mi ò mọ igi tútù ni?"

Mo ní kí ló dé tí kò fi dúró. Ó ní Alhájì ti ń retí. Ó ní òun rò pé bóyá yóò dúró títí Máólúdì yóò fi kọjá, pé tó bá là ní Paraku, Paraku jìnnà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Mo ní kó wá jẹ́ ká lọ sọ fún ìyá rẹ̀, kí Fàtímọ̀ lè tú ẹrù rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Ó ní, "Má tún sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ayé bá gbọ́ pé Ràmọ́nì yí igi tútù fún èèyàn, iṣẹ́ ti tán, ìwọ àti èmi la ó jọ pebi. Bí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ ìyàwó ló fà á, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ìyàwó kì í ba iṣẹ́ jẹ́. A ó mú ẹlòmíì wá." Lẹ́yìn náà ó ní àjà ti di tèmi padà, kí n kó ìkòkò mi wọlé lọ́la.

Mo dìde. Mo lọ dáná. Ṣé ẹ rí mi? Mo dìde, mo lọ dáná.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Jánúárì

Kò sí ẹni tó sìn ín àfi èmi. Mo ru àpótí rẹ̀ dé gáréèjì. Mọ́tò Ògbóòró ò tíì kún, a jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, eruku ọyẹ́ ń bò wá.

Mo sọ fún un níbẹ̀. Mo ní, "Fàtímọ̀, irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Àwo ò gbẹ."

Ó ní, "Mo mọ̀, Ìyá mi."

Ó ní òun ti wọ̀n wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ó tó wá bá mi. Jímọ̀ sí Jímọ̀, òkúta mẹ́fà ló dín. Ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tutù.

Mo ní kí ló dé tó fi wá bi mí nígbà náà. Ó ń fi ìka yọ òwú létí ìborùn rẹ̀.

"Mo ní kí ẹ kàn bá mi sọ pé kò gbẹ ni. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, mo fẹ́ lọ bá Bàbá, kí n ní èmi ni mo rí i pé kò gbẹ, kí wọ́n lè gbà pé òótọ́ lẹ ti ń sọ látẹ̀yìn wá, kí wọ́n dá ilé ìdáná yín padà fún yín. Àmọ́ ẹ ní ó ti gbẹ. Mo wá wò ó pé, ta lèmi tí n ó já àgbà nírọ́? Mo ní bóyá nǹkan kan wà tí ẹ mọ̀, tí òkúta ò mọ̀."

Mo ní kí ló dé tí kò fi dárúkọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Níbo lẹ ó lọ, Ìyá mi? Èmi ṣì ní ilé bàbá."

Wọ́n pe èrò. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú eruku, bí ìyàwó ṣe ń kí ìyáálé, kò dín nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó wọlé sínú mọ́tò. Mo na ọwọ́, n ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi mú.

Mo ti kó ìkòkò mi padà wọ ilé ìdáná. Ó ti gbá ibẹ̀ mọ́ kó tó lọ, ó to igi ìdáná sí ibi tí mo máa ń tò ó sí. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.